Wọ́n Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Mi Tó Dojú Bolẹ̀

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí agogo mẹ́jọ àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀wà jóná ní ilé ìdáná wa ní Kuje. Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, kò sì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo kà á sí pé ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì ni mo jáde lọ rà. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, òórùn ìjóná pàdé mi ní géètì. Mo sáré wọlé, mo bá a tó kẹ̀yìn sí iná, awò wà lójú rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ kan.

“Dádì, ẹ̀wà ń jóná!”

Ó yíjú wo ìkòkò, ó tún wò mí. “Ṣé ó dá ọ lójú? N kò gbọ́ òórùn kankan.”

Bàbá mi ni ẹni tó máa ń jókòó sí pálọ̀ tí yóò sọ fún wa pé epo tí aládùúgbò fi ń dín àkàrà ti pẹ́ jù lórí iná. Mo pa iná, mo ṣí fèrèsé, n kò sì sọ ohun tí mo ń rò.

Àsìkò tí kòrónà wọ Àbújá ni, tí ìjọba ti ọ̀nà pa. Màmá mi ti lọ wo ìyá rẹ̀ ní ìlú wa, ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, kò sì rí ọ̀nà padà wá. Èmi àti bàbá mi nìkan ló kù nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo ń dúró kí wọ́n pè mí fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ìṣirò ni mo kọ́, ẹ̀kọ́ náà sì ti mọ́ mi lára láti máa ya ohun tí mo rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo gbọ́. Nítorí náà, ibi tí mo bá ti sọ pé mo rí i nínú ohun tí mò ń kọ yìí, mo rí i ni. Ibi tó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún mi ni, n ó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo pe àwọn elétò ìlera ìjọba. Àwọn tó wá yẹ̀ wá wò ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní òwú lórí bọ̀ wá nímú. Àwa méjèèjì ló ní àìsàn náà. Èmi kò ní ju ọ̀fun dídùn àti àárẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó gun òkè. Nígbà tí ọkọ̀ dé láti wá gbé wa, ó ní kí n dúró. Ó wọlé lọ wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó wo dígí, ó tó wá jáde bí ẹni ń lọ sí ìpàdé. Aládùúgbò wa ká kọ́tìnì, ó sì tún dá a padà.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kuje fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti rí ọ̀gá báńkì tó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì wa pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Òun náà ti ṣe tirẹ̀ nígbà tó kan án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ni ẹni ìkẹyìn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n náà sì ti kú.

Wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àìsàn náà. Wọ́n fi wá sí wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀dì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Alájì kan tó ń ta táyà ní Gwagwalada, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí wa. Ara rẹ̀ ti ń yá nígbà tí a dé, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòmú, awò ńlá, ìbọ̀wọ́ oríṣi méjì àti bàtà òjò. A kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n fi máákà kọ orúkọ wọn sí àyà kí á lè mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Mo rántí orúkọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọ ọ́ síbí, n kò sì ní kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ sọ fún mi pé kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni òun.

Wọ́n ti ki rọ́bà ọ́síjìn bọ bàbá mi nímú láti ọjọ́ tí a dé. Wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka rẹ̀, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ kọjá márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ti bàbá mi ti wálẹ̀ dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ní àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà wá bá wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Dókítà ní ọ́síjìn nìkan kò tó. Kí bàbá fi àyà lé bẹ́ẹ̀dì, kí ó dojú bolẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, kí ó sinmi, kí ó tún ṣe é, nítorí pé ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró tó ti dì yóò lè ṣí. Bí nọ́ńbà náà kò bá gòkè títí di ọjọ́ kejì, wọn yóò gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ yóò ti máa bá a mí. Òun kò sì lè ṣèlérí pé ààyè wà níbẹ̀.

Dókítà jáde. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú náà súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà. Ẹ fi àyà lélẹ̀.”

“Kí n dojú bolẹ̀?” Ìmí bàbá mi kò tó láti fi pariwo, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Níwájú ta ni?”

“Níwájú mi ni, sà. Èmi ni mo wà níbí.”

Kò ní ohun búburú lọ́kàn. Ìdáhùn lásán ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdáhùn tí kò yẹ kó fún un. Bàbá mi wo bàtà òjò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè dé ibi tí orúkọ wà.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Bàbá, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí obìnrin nínú wọ́ọ̀dù.”

Alájì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, n kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì ìjọba ni n ó ti tún bẹ̀rẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ni, sà. Ìtọ́jú ni.”

“Bí o bá wo ẹni tó na gbọọrọ síwájú rẹ, tó dojú bolẹ̀, kí ni wàá pè é?”

Alájì kò lè pa á mọ́ra. “Bàbá Okun, èmi ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ẹ wò mí dáadáa. Kí ló dín lára mi?”

“Alájì, Ọlọ́run lẹ̀ ń forí kanlẹ̀ fún. Ọlọ́run kò wọ bàtà òjò.”

“Ó dáa. Ẹ má dojú bolẹ̀ fún ẹni tó wọ bàtà òjò. Ẹ ó dojú sókè fún ẹni tó gbé ṣọ́bìrì.”

N kò rò pé Alájì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi yí ojú sí ògiri, nọ́ọ̀sì náà sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo lọ jókòó tì í. Mo fi ìka ya ẹ̀dọ̀fóró sórí aṣọ ìbora, mo fi ibi tí omi ń dúró sí hàn án, mo ṣàlàyé ìdí tí dídojú bolẹ̀ fi ń ṣèrànwọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin.

“Ṣé o ti parí?”

“Mo ti parí, Dádì.”

“Ó ṣeun. Ó yé mi.”

Kò sì yí padà. Mo gbà pé ó yé e lóòótọ́. Bàbá mi kì í ṣe aláìmọ̀kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, afárá àti ojú ọ̀nà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ sí apá kan òṣùwọ̀n, ó fi nǹkan mìíràn sí apá kejì, mo sì rí ibi tí òṣùwọ̀n náà tẹ̀ sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí n bá sọ pé kò bà mí, irọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì kì í lè pẹ́ nínú aṣọ yẹn. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ní gíláàsì, láti bẹ́ẹ̀dì mi mo sì lè rí yàrá tí wọ́n ti ń bọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, òógùn dà jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn da omi ife nù. Ó gbára lé ògiri fún ìgbà díẹ̀, ìbòmú àti awò ṣì wà lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ.

Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò mú ìrọ̀rí, kò sọ nǹkan kan nípa àyà tàbí ẹ̀yìn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀. Aṣọ náà ń dún wárawàra bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.”

Àṣà ti wọ bàbá mi lára. Bí ẹni kúnlẹ̀ kí i, kò lè ṣe kó má dáhùn.

“Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Wàá dàgbà. Dìde.”

“N kò ní dìde, sà.”

“Dìde, ilẹ̀ tutù.”

“Bàbá, mo ti wà nílẹ̀ ṣáájú yín. Bí ẹ bá yí padà báyìí, ta ló lè sọ pé ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi? Ta ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kúnlẹ̀?”

Mo mọ ojú tí bàbá mi máa ń ṣe bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ wá síwájú rẹ̀ ní ìpàdé, tó ń wá ibi tí yóò ti já a. Ó wá a, kò rí i.

“Ọmọ Ìjẹ̀bú,” ni bàbá mi sọ níkẹyìn, “ẹ̀yin èèyàn yìí kò ní pa wá.”

Ó sì yí padà. Èmi ló bá a di rọ́bà ọ́síjìn mú kó má lọ́. Nọ́ọ̀sì náà wà lórí ìkúnlẹ̀ títí àyà bàbá mi fi kan bẹ́ẹ̀dì, ó tó dìde, ó sì ki ìrọ̀rí sí abẹ́ rẹ̀. Alájì ní, “Alhamdulillahi.” Ìgbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ há ìka rẹ̀, mo ka nọ́ńbà náà fúnra mi: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

N kò ní sọ pé ìkúnlẹ̀ ló wò ó sàn. Ó ń gba oògùn, ó ń gba ọ́síjìn, nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó dá mi lójú ni pé bí nọ́ọ̀sì náà kò bá kúnlẹ̀, bàbá mi kò ní yí padà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan sì ni dókítà fún wa.

Kí nọ́ọ̀sì náà tó jáde, ó tẹ̀ba, ó wo orúnkún aṣọ rẹ̀ fínnífínní. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ní èérún yanrìn, aṣọ náà kò sì nípọn. Bí ó bá ya, àìsàn ti rí ọ̀nà wọlé. Ó yára jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó wọlé, ó ti lẹ téèpù mọ́ orúnkún méjèèjì. Téèpù yẹn ni mo máa ń rò bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń kí àwọn nọ́ọ̀sì lórí rédíò, tí wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ogun. Ìkúnlẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọgbọ́n tó sọ sí i lọ́kàn lójijì. Ẹni tó lẹ téèpù mọ́ orúnkún kí ó tó wọlé mọ ewu náà, ó sì ti pinnu. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ yí bàbá mi padà, títí ìyípo iṣẹ́ rẹ̀ fi parí.

Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì tó bá parí ìyípo iṣẹ́ kì í lọ sílé tààrà. Wọ́n ń kó wọn sí òtẹ́ẹ̀lì kan kí ó lè dájú pé àìsàn kò sí lára wọn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú náà ṣe fa iṣẹ́ lé àwọn tó gbà á lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n dúró sí, ilẹ̀kùn kò sì tíì pa dé. Ó sọ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn: oògùn báyìí, àkókò báyìí. Nígbà tó kan bàbá mi, ó sọ bí ọ́síjìn rẹ̀ ṣe tó, ó sọ abẹ́rẹ́ tó kù, ó ní, “Ẹ kúnlẹ̀ kí i kí ẹ tó yí i padà,” ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e. Èdè òyìnbó ló fi sọ ọ́, ohùn kan náà tó fi sọ abẹ́rẹ́ ló sì fi sọ ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin ni ẹni tó wọlé wá bá wa, ọmọ Hausa, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ funfun náà kò fi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo ń wò ó. Èmi kò mọ ohun tí n ó ṣe bí bàbá mi bá tún kọ̀. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lóṣòó bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbi tí wọ́n ti bí i.

“Sànnu, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà.”

Bàbá mi gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ó wo ọkùnrin gíga yìí tó lóṣòó bí ẹni ń wá owó ẹyọ nílẹ̀.

“Wàá dàgbà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ níbi tiwa o. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì náà rò ó wò, ó sì fi Píjìn dáhùn láti ibi tó lóṣòó sí: “Kai, Baba! I don squat finish. Na you remain to prostrate.”

Ẹ̀rín tí bàbá mi rín di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ó nu ojú, ó fọwọ́ pe ọkùnrin náà kó wá di òun mú, ó sì yí padà.

Ó tẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan láti ilẹ̀ Ìgbò wà nínú wọn tí kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nílé wọn. Òun náà kúnlẹ̀. Ó ní bàbá yìí ń fi orúnkún òun ṣeré, ó sì tún kúnlẹ̀ ní ọ̀sán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìkángun dákú. Gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú wọ́ọ̀dù sáré lọ bá a. Ọmọ Hausa yẹn wà níbẹ̀, ó ti gun bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹ àyà aláìsàn náà, omi ti bo awò rẹ̀ débi pé n kò rò pé ó ń ríran. Àkókò tí bàbá mi yóò yí padà ti tó, ó sì ti ń kọjá. Ìmí rẹ̀ ti ń yára. Mo dìde láti ké sí ẹnì kan.

“Jókòó,” ni ó wí.

“Dádì, àkókò ti tó.”

“Ṣé o kò rí i pé ọwọ́ wọn dí ni? Di rọ́bà yìí mú.”

Mo dì í mú. Ó gbé apá kan, ó gbé ìbàdí, ó dúró gba ìmí, ó sì yí ara rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó lóṣòó. Ó dojú bolẹ̀ gbọọrọ níwájú wọ́ọ̀dù, níwájú Alájì tó ń ka Kùránì lọ́kàn, níwájú èmi ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè fi ẹ̀rọ há ìka rẹ̀. Kò béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n gbé ẹni tó dákú náà jáde. N kò mọ bí ó ṣe yọrí. Mo béèrè, wọ́n ní ó wà ní ibi mìíràn. N kò ní fi kún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bàbá mi ń yí padà fúnra rẹ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin bá sì fẹ́ kúnlẹ̀, yóò ní kí wọ́n fi orúnkún wọn sílẹ̀ fún àwọn ọkọ wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín ọ́síjìn rẹ̀ kù, títí wọ́n fi yọ rọ́bà náà. Alájì ti lọ sílé ṣáájú wa. Nígbà tí àyẹ̀wò tiwa náà fi hàn pé a ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà, wọ́n fún wa ní aṣọ mìíràn, wọ́n sì mú wa gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Mo béèrè nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó sí tábìlì. Ó ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ní òtẹ́ẹ̀lì, kò ní àìsàn, ó sì ti ń múra láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ síbí gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n sọ fún mi. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú pópó ní Àbújá lónìí, n kò ní dá a mọ̀, àfi bó bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní ìkóríta Kuje nítorí pé wọ́n ti dí ọ̀nà àdúgbò wa. A ó gun òkè díẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilé wa. Mo ní kí bàbá mi dúró kí n wá ọ̀kadà, ó ní kò sí ìdí. Mo rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń wo èjìká rẹ̀. Ó rìn dé géètì wa láìdúró gba ìmí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.